Rọ́bà Tó Wà Láàárín Irin Méjì

Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ti pẹ́ láyé bá já sínú kòtò lójú títì, ohùn kan máa ń jáde lábẹ́ rẹ̀: kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹni tí ń fi igi kan àpótí òfìfo. Awakọ̀ á ní ojú ọ̀nà ló burú. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn á ní ọkọ̀ náà ti gbó. Mẹkáníìkì nìkan ni yóò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, tí yóò sì ní, "Bọ́ṣìn yín ló ti jẹ." Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí iye náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń gbèrò láti pààrọ̀ ọkọ̀ ló ti pa èrò náà tì. Èyí tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bọ́ṣìn, tí í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́ ọkọ̀ lásán tẹ́lẹ̀, ti di ọ̀rọ̀ àpò àti ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ìbéèrè kan wà, síbẹ̀, tí a kì í sábà bi ara wa: kí ló dé tí bọ́ṣìn tuntun tí a fi sí ọkọ̀ lónìí fi máa ń tún dún kí ọdún tó yípo? Ojú ọ̀nà ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀bi náà. Ayédèrú ọjà ní ìpín tirẹ̀. Ẹ̀bi kẹta wà tó jẹ́ pé ìtàn ló lè fi í hàn wá: ìmọ̀ ayé gírísì ni a ṣì fi ń tọ́jú ohun ayé rọ́bà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Àwọn apá irin ló so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Àwọn apá wọ̀nyí gbọ́dọ̀ lè lọ sókè kí wọ́n sì lè padà sílẹ̀ bí táyà ti ń gun òkìtì tó sì ń já sí kòtò. Síbẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ máa yẹ̀ síwá-sẹ́yìn. Ibi tí apá irin ti pàdé ara ọkọ̀ ni oríkèé rẹ̀ wà, inú oríkèé yìí sì ni bọ́ṣìn ń gbé. Bọ́ṣìn òde òní jẹ́ páìpù irin kékeré nínú páìpù irin tó tóbi jù ú lọ, tí rọ́bà kún àárín wọn digbí. Bóòtù ló ń gba inú páìpù kékeré náà kọjá. Iṣẹ́ tí rọ́bà yìí ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun méjì ní orúnkún ènìyàn. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti jẹ tán ni ó mọ bí ìrora rẹ̀ ti pọ̀ tó.

Kò sí rọ́bà níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jogún sípíríǹgì rẹ̀ lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin: awẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn tí wọ́n sì dì pọ̀. Etí irin náà ni wọ́n ti ń ṣe ihò sí, tí wọ́n á ki bọ́ṣìn idẹ bọ̀ ọ́, kí ọ̀pá irin tó gba inú rẹ̀ kọjá. Irin ń yí nínú idẹ, gírísì nìkan ló sì ń là wọ́n níjà. Bí gírísì bá tán, tí iyanrìn sì wọlé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn. Ìdí nìyí tí ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ ayé àtijọ́ fi máa ń ní àwòrán gbogbo ibi tí a gbọ́dọ̀ fa gírísì sí, tí àwọn ibòmíràn kò sì gbọdọ̀ ju ọgọ́rùn-ún máìlì mélòó kan lọ kí a tó padà síbẹ̀.

Ayé gírísì yìí ni ọkọ̀ bá wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n là ní ọdún 1906, ni a sábà ń kà sí ọ̀nà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà, W. A. Dawodu wà lára àwọn ọmọ Yorùbá tó kọ́kọ́ sọ ọkọ̀ títà àti àtúnṣe rẹ̀ di iṣẹ́ gidi. Lẹ́yìn náà ni àkókò bọ̀lẹ̀kájà dé, ọkọ̀ tí ara rẹ̀ jẹ́ igi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ irin. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n máa ń rán wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn gírísì. Lójú ọ̀gá, ọmọ tó bá gbàgbé gírísì dà bí ọmọ tó fi àgbò sílẹ̀ láìso. Òfin náà kò le láti mọ̀: ibi tí irin bá ti ń dún, ẹ fún un ní gírísì. Òfin yìí tọ̀nà fún ìgbà rẹ̀, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹrù kòkó dé Èkó láìséwu.

Kí rọ́bà tó lè gba ipò gírísì, ó ní láti kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ àìsàn tirẹ̀. Oje igi ni rọ́bà. Bí oòrùn bá pa á ní tútù rẹ̀, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Bí òtútù bá mú un, á le, á sì máa fọ́. Ní ọdún 1839 ni Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, ṣàwárí pé bí a bá po rọ́bà pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́ tí a sì fi iná sí i, yóò di ohun tó ń nà tó sì ń padà sí ipò rẹ̀, yálà nínú ooru tàbí nínú òtútù. Thomas Hancock ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní Ìlú Ọba ní kété lẹ́yìn ìgbà náà. Orúkọ Vulcan, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù, ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ yìí. Láti ibẹ̀ ni orúkọ fọ́kànáísà tó ń lẹ táyà fún wa ní ẹ̀bá ọ̀nà ti wá. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣàwárí rẹ̀, bóyá Ògún ni wọn ì bá fi sọ ọ́.

Ẹ má ṣe rò pé ìtàn rọ́bà jẹ́ ti àwọn ará òkèèrè nìkan. Igi kan wà nínú igbó wa tó ń jẹ́ ìrẹ́, tí oje rẹ̀ jẹ́ rọ́bà gidi. Ní ọdún 1888, John Boyd Dunlop ṣe táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Kẹ̀kẹ́ ológeere di àṣà káàkiri Yúróòpù, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá rọ́bà kiri. Ní ọdún 1893, àwọn ọmọ ogun tú ibùdó Kírìjì ká níkẹyìn, ọ̀nà ìṣòwò là, àwọn ènìyàn sì wọ inú igbó ìrẹ́. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tó gba Èkó lọ sí òkè òkun ju mílíọ̀nù márùn-ún pọ́nùn ìwọ̀n lọ. Ṣùgbọ́n ìkánjú wọ iṣẹ́ náà. Wọ́n ń dá igi lọ́gbẹ́ yípo láti ìdí dé òkè, wọn kò sì fún un ní àyè láti sinmi kí ojú ọgbẹ́ jiná. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ọ̀pọ̀ igi ìrẹ́ ti gbẹ dúró, òwò náà sì ti wó lulẹ̀.

Igi mìíràn ló gba ipò rẹ̀. Ní ọdún 1876, Henry Wickham ti kó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin èso igi rọ́bà láti Brazil lọ sí ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Láti ibẹ̀ ni irúgbìn rẹ̀ ti dé Éṣíà. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi máa wọ ọdún mẹ́wàá kejì rẹ̀, oko rọ́bà ti gbòòrò ní Málẹ́yà, rọ́bà sì ti pọ̀ tó láti fi ṣe ohun tó ju táyà lọ. Igi Brazil yìí kan náà ni a ń rí ní oko rọ́bà ní ìhà gúúsù Nàìjíríà títí di òní.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àtibọ́ lọ́wọ́ ìbọn gírísì. Ẹni tó ni ọkọ̀ ní ìlú ńlá kò fẹ́ máa ra bàbà lábẹ́ ọkọ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ́. Ní àwọn ọdún 1920, ẹlẹ́rọ kan tó ń jẹ́ Léon Thiry gba ìwé-ẹ̀rí fún oríkèé tuntun kan. Ó fi agbára fún rọ́bà mọ́ àárín páìpù méjì, débi pé rọ́bà náà di páìpù méjèèjì mú láìsí àtè. Silentbloc ni wọ́n pe ohun náà, orúkọ tí ìdákẹ́jẹ́ wà nínú rẹ̀. Títí di òní, silentbloc ni mẹkáníìkì tó ń sọ Faransé ń pè é, títí kan àwọn tó wà ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́. Nígbà tó di ọdún 1931, ilé-iṣẹ́ Chrysler ní Amẹ́ríkà gbé odindi ẹ́ńjìnì Plymouth lé orí rọ́bà kí ó má baà máa gbọn ọkọ̀ jìgìjìgì. Láti ìgbà náà lọ, díẹ̀díẹ̀, rọ́bà gba oríkèé kan tẹ̀ lé òmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Oríkèé rọ́bà kì í yí bí oríkèé idẹ ti ń yí. Bí apá irin bá lọ sókè, páìpù ìta yóò bá a yí díẹ̀. Páìpù inú, tí bóòtù ti dì mú, kò ní kúrò lójú kan. Rọ́bà tó wà láàárín ni yóò lọ́, bí aṣọ tí a ń fún omi rẹ̀. Bí apá bá sì padà sílẹ̀, rọ́bà á tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ohun tó ń yọ̀ lórí èkejì rẹ̀, nítorí náà kò sí iṣẹ́ kankan fún gírísì níbẹ̀. Ohun tó burú jù ni pé epo inú gírísì àti òróró ẹ́ńjìnì máa ń wọ inú rọ́bà yìí, á wú, á rọ̀ kọjá ààlà, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ohun tó jẹ́ oògùn fún bàbá ti di májèlé fún ọmọ.

Ọdún 1975 ni ayé méjèèjì pàdé ara wọn pátápátá ní Nàìjíríà. Ní ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Èkó. Volkswagen kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá jẹ́ àpẹẹrẹ tó yẹ kí a ronú lé. Níwájú, ó ní ẹnu gírísì mẹ́rin lára irin tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ẹni tí kò bá sì fa gírísì sí i yóò ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn, rọ́bà ló wà lára apá irin rẹ̀. Pàúdà ni àwọn tó ń tò ó máa ń fi pa rọ́bà náà, kì í ṣe gírísì. Nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, òfin méjì ló wà. Peugeot 504, ní tirẹ̀, gbára lé rọ́bà ní ọ̀pọ̀ oríkèé rẹ̀. Ara ohun tó mú kí ìrìn rẹ̀ tu èrò lára láti Ìbàdàn dé Ìlọrin nìyẹn, àní nígbà tí èrò fún mọ́ra wọn ní ìlà mẹ́ta.

Ta ni yóò kọ́ mẹkáníìkì ní òfin kejì? Lábẹ́ igi àti lábẹ́ páànù ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ṣẹ́, lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ lára bọ̀lẹ̀kájà. Ojú ni ọmọ-iṣẹ́ fi ń kọ́ ọ, kì í ṣe ìwé. Ọ̀nà ìkọ́ṣẹ́ wa yìí dára púpọ̀: ó ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà di ọ̀gá, ó sì ti jẹ́ kí ọkọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ti kà sí àlòkù rìn fún ogún ọdún sí i. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbé ọgbọ́n láti ìran dé ìran, bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbé àṣà tí ìgbà ti kọjá lórí rẹ̀. Ọmọ-iṣẹ́ rí ọ̀gá tó fi gírísì sí oríkèé tó ń dún. Òun náà fi sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oríkèé ti yí padà.

Àṣà àtijọ́ kejì farapamọ́ ju ti gírísì lọ. Nígbà ayé idẹ, ẹni tó fẹ́ mú bóòtù le lè ṣe é nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì, kò sí ohun tí yóò ṣe oríkèé náà. Nígbà ayé rọ́bà, ọ̀ràn ni. Bí ọkọ̀ bá wà lórí jáàkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀. Bí a bá mú bóòtù le níbẹ̀, ipò rírọ̀ yẹn ni rọ́bà yóò mọ̀ sí ipò ìsinmi. Nígbà tí a bá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́, rọ́bà ti lọ́ kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Òru àti ọ̀sán ni yóò máa wà ní lílọ́, kòtò kọ̀ọ̀kan á sì tún máa lọ́ ọ sí i. Láàárín oṣù díẹ̀, ó ti ya. Ẹni tó ni ọkọ̀ á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, ẹni tó tà á á sì búra pé ojúlówó ni. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni ọlọ́jà ń sọ.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ òòlù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Irin títẹ̀ ni a fi ń yọ bọ́ṣìn, òun náà ni a sì fi ń ki tuntun bọ̀ ọ́: ẹ̀rọ ìtẹ̀ alágbára, tàbí, bí kò bá sí, fáìsì ńlá pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣe wẹ́kú etí páìpù ìta. Bí a bá ń fi òòlù lù ú, páìpù ìta lè wọ́, rọ́bà sì lè ṣí kúrò lára irin kí ó tó dé ààyè rẹ̀. Bí rọ́bà ló wà lóde, omi ọṣẹ ni kí a fi pa á kí ó lè wọlé, nítorí ọṣẹ á gbẹ, kò sì ní jẹ rọ́bà. Kí a tó yọ ti àtijọ́, ó yẹ kí a sàmì sí bó ṣe kọjú sí. Àwọn bọ́ṣìn kan ní ojú ihò nínú rọ́bà wọn, ìhà tí ihò náà bá kọjú sí sì ni apá irin ti ń rí àyè mì. Bí a bá yí i sódì, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Kí a sì pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, kí ọkọ̀ má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí a gbé ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, nítorí apá tó ti yẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ti ń jẹ etí táyà kan ju èkejì lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ti ibí yìí sá lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí Aràròmí ní Agodi Gate, Ìbàdàn, láti ra odindi apá irin àlòkù tí a ń pè ní "Belgium". Èrò wọn ni pé ohun tó bá ti òkèèrè bọ̀ á lálòpẹ́. Irin rẹ̀ lè dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà ń dàgbà bí ènìyàn, yálà a lò ó tàbí a kò lò ó. Afẹ́fẹ́, ooru àti ọjọ́ orí ń sọ ọ́ di líle, ìlà wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára rẹ̀. Bọ́ṣìn tó wà lára apá tí wọ́n tú lára ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó rà á fi àgbà rọ́pò àgbà ni. Ìbá sàn kí ó ra apá irin náà, bí tirẹ̀ bá ti wọ́, kí ó sì ki bọ́ṣìn tuntun bọ̀ ọ́ kí ó tó lò ó.

Àwọn kan á ní bọ́ṣìn kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí, pé ariwo lásán ni ọkọ̀ ń pa, ó ṣì ń rìn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bọ́ṣìn tó ti jẹ máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ sún sẹ́yìn nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Lórí eré àṣìrì ní òpópónà márosẹ̀, ìwọ̀nba ìsún yẹn tó láti mú kí ọkọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ ní àkókò tí awakọ̀ nílò rẹ̀ jù. Ohùn kọ̀-kọ̀-kọ̀ yẹn, ìkìlọ̀ ni.

Mo tún padà sí igi ìrẹ́. Àwọn tó pa á run kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe òpònú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọjà tuntun dé bá wọn, wọn kò sì dúró kọ́ ìwà igi náà kí wọ́n tó dá a lọ́gbẹ́. Rọ́bà kan náà ló padà wá bá wa lábẹ́ ọkọ̀, àwa náà kò sì tíì dúró kọ́ ìwà rẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ náà kò gùn: kò fẹ́ epo, kò fẹ́ òòlù, kò sì fẹ́ kí a dè é mọ́lẹ̀ nígbà tó wà ní rírọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ní ìpàdé, wọ́n sì ní àgbà tí ọmọ-iṣẹ́ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bí ọ̀gá kan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é níwájú àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú ni wọn yóò tún fi kọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ti gírísì.

Ní ti àwa tí a ni ọkọ̀, a kò lè kọ́ ọ̀gá níṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n a lè béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ gba ọkọ̀ yín, kí ẹ tó na owó iṣẹ́ sí i, ẹ bi í pé: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ yìí ti dúró lórí táyà rẹ̀ kí ẹ tó mú bóòtù le?" Bí ó bá ní rárá, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó tú bóòtù náà díẹ̀, kí ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ó sì tún un mú le. Iṣẹ́ náà kò lè pẹ́, kò sì gba bọ́ṣìn mìíràn.